Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ọ̀bọ Fà

Ìyàwó bọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ lónìí, mi ò sì tíì rẹ́rìn-ín tán!

Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti erékùṣù Sri Lanka dé. Gbogbo Ṣakí ló ti gbọ́ pé ó fọwọ́ pa erin lórí. Súwíìtì kan péré ló mú bọ̀ fún èmi àbúrò rẹ̀.

A lọ tọrọ ọmọ Àfáà. Bọ̀ọ̀dá ń fi fọ́tò ìrìn àjò rẹ̀ hàn wọ́n, ló bá kan èyí tó ti nà gbalaja níwájú ère Búdà tó ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ.

Àfáà fò dìde. "Òkúta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún! Àyà rẹ ò kan ilẹ̀ báyìí nígbà tó o kí mi!"

"Bàbá, ọ̀bọ ló lé mi tí mo fi ṣubú!"

"Ìwọ tó o fọwọ́ pa erin lórí?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí bí àgbò Iléyá. "Wàhídì, ṣebí mo fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ?"

Mo ní, "Fídíò wo, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó wà lórí fóònù mi o! Òun ti pa tiẹ̀ rẹ́ torí ìtìjú. Ọ̀bọ ọ̀hún ò ju ológbò lọ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí Àfáà, àbí kí n kọ́kọ́ lá súwíìtì mi tán?