Bìsìmílàí Níwájú Pẹpẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ilé oúnjẹ kan ní Tankẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó tì mí ṣí àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó ní, "Bìsìmílàí." Etí mi gbóná, àgbà bíi tèmi. Ẹ̀yin ọmọ ò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti fojú mi rí.

Ilé àfáà ni wọ́n bí ìyá mi sí, ní Ìlọrin níbí, kó tó fẹ́ bàbá mi, ọmọ ìjọ Àgùdà. Bàbá tó ń kọ́ wa ní katikísímù máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: omi ìsàmì tó ń tún ni bí, òróró tó jẹ́ èdìdì Ẹ̀mí Mímọ́, àti Ara Olúwa tó ń bọ́ ni. Àwa ọmọdé ń gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi gba tirẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde, bíi tàwọn ará àtijọ́. Síbẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà níta.

Ọjọ́ tí mo máa kọ́kọ́ gba Ara Olúwa ló fẹ́ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó rán aṣọ funfun fún mi, ó fi sítáàṣì sí i débi pé bí mo bá jókòó, aṣọ á ṣì wà ní ìdúró.

Mo dé iwájú fadá. "Ara Kristi," ló wí. Àmín ló yẹ kí n dá a lóhùn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ojú mi rí, ẹnu mi sì yára: "Bìsìmílàí." Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn. Mo wẹ̀yìn, ìyá mi tẹrí ba, ó ń tún gèlè tí kò yẹ̀ ṣe.

A rìn délé. Mo ń retí igbájú. Ó gbé ìrẹsì síwájú wa, ó mú ṣíbí, ó ní, "Bìsìm..." Ó wò mí.

"Àṣé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ."

N ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Á kàn pa ètè dé díẹ̀ kó tó jẹun. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín ti tán lára mi. Ètè yẹn ló ń tì mí lójú. Kí ni mo sọ tó burú? Ní orúkọ Ọlọ́run ni. Orúkọ Ọlọ́run náà kọ́ ni fadá dá nígbà tó ń da omi sí wa lórí?

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ti di ńlá, àwọn tó rẹ́rìn-ín ti lọ. Níwájú pẹpẹ, Àmín ni mo ń wí. Nílé mi, bí mo bá ṣí ìkòkò, mo máa ń sọ ti ìyá mi sókè. Ọmọ-ọmọ mi kékeré náà ti ń sọ ọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ gba Ara Olúwa, n ò sì tíì kìlọ̀ fún un.