Ọjọ́ Tí Mo Fi Kẹ̀kẹ́ Oníbátìrì Gbé Ìyá Mi Gòkè

Ojo ni mí, mi ò ní fi pa mọ́. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo bá wọn lórí símẹ́ńtì tí wọ́n ń ṣépè fún ọṣẹ, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ mọ́. Eegun wọn ò ṣẹ́. Èmi ni nǹkan ṣẹ́ nínú mi. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dànù. Mo ká gbogbo ẹní tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ nínú yàrá, màá kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá wúkọ́, màá fò dìde.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi: kí n jẹ́ kí wọ́n padà sí abúlé bàbá wọn lórí òkè, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! "Ṣé ẹ fẹ́ lọ dálémosú ni?" ni mo bi wọ́n. Orúkọ tí a fi ń bú obìnrin tó kẹ́rù kúrò nílé ọkọ padà sílé bàbá rẹ̀ ni, mo sì rò pé ojú á tì wọ́n. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. "Ọkọ ti kú, ọmọ ti dàgbà. Bí mi ò bá ṣe é nísinsìnyí, ìgbà wo ni n ó tún ráyè?"

Mo bá ta ọgbọ́n. Mo ní màá gbé wọn lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ibẹ̀ ṣe di ahoro, ká sì padà kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà òkè náà, mọ́tò kì í débẹ̀ mọ́, mo sì ti búra pé ìyá mi ò ní gun ọ̀kadà níṣojú mi. Ó ku kẹ̀kẹ́ ológeere mi, èyí tó ń lo bátìrì, tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìjagun láti ìgbà tí epo ti wọ́n. Mo so tìmùtìmù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Kì í pariwo?"

"Kì í pariwo, Màámi."

"Ó dáa. A ó lè sọ̀rọ̀."

Mi ò béèrè pé ọ̀rọ̀ wo. Wọ́n gbé báàgì kan há abíyá, mo rò pé aṣọ ìrun wọn ló wà níbẹ̀.

Lórí ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yà sí ọ̀nà abúlé, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí odò kan nísàlẹ̀, kó tó tún gòkè lódìkejì. Ilẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, gbòǹgbò igi tó yọ síta. Mo di búréèkì méjèèjì mú títí ọwọ́ mi fi ń kú tipiri. Mo ń rí i lójú inú mi bí a ó ṣe ṣubú, bí n ó ṣe pe àwọn àbúrò mi, ohun tí n ó sọ fún wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá mi yàn láti gbẹ́nu sún mọ́ etí mi.

"Mo fẹ́ kóo mọ̀ pé mi ò ní bá ẹ padà lónìí."

Ká ní ọ̀kadà ni, ǹ bá díbọ́n pé mi ò gbọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí ò gbè mí. Mo gbọ́ ọ ketekete, mi ò sì lè bínú, nítorí bí mo bá fi búréèkì sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, inú odò la ó ti parí ìjà náà.

"Màámi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká dé ìsàlẹ̀ ná."

"Nígbà tá a bá dé ìsàlẹ̀, o ó sá fún mi. Mo mọ̀ ẹ́."

A la odò náà kọjá, omi ò ju kókósẹ̀ lọ. Mo fún kẹ̀kẹ́ ní gbogbo agbára tó ní, ó gbé wa dé ìdajì òkè, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà wá padà sẹ́yìn. Mo pariwo. Mo pe Ọlọ́run, mo pe ìyá mi, bí ẹni pé kì í ṣe ẹ̀yìn mi ni wọ́n jókòó sí. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ti wá òkúta kan, wọ́n ti fi há ìdí táyà ẹ̀yìn. "Bọ́ sílẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n wá ká ìró wọn sókè, wọ́n fẹsẹ̀ rin ìyókù òkè náà níwájú mi, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn.

Abúlé náà ò di ahoro. Páànù ti dípẹtà lóòótọ́, ògiri amọ̀ mélòó kan sì ti wó, ṣùgbọ́n òórùn gàrí tí wọ́n ń yan ló kọ́kọ́ pàdé wa, àwọn èèyàn sì ń yọjú láti ojúlé dé ojúlé tí wọ́n ń kí ìyá mi káàbọ̀. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, bàbá arúgbó tí irun rẹ̀ ti funfun báláú, dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ sílé." Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Lọ́dọ̀ mi, ẹni tí à ń bi pé ṣé ó ti lo oògùn ni wọ́n.

Wọ́n mú wa wọ yàrá kan. Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn. Fóònù tí mo rà fún ìyá mi ni wọ́n fi bá àbúrò wọn pète gbogbo rẹ̀! Inú bí mi. Mo ní kí n lọ wo balùwẹ̀, kí n lè rí ohun tí n ó fi bá wọn jà. Igi kan wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ ni, wọ́n ti fá èèpo rẹ̀ kó má baà gún ọwọ́, kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú. Pẹ̀lú gbogbo ìbẹ̀rù mi, èmi ò ronú kan igi rí.

Síbẹ̀ mo kúnlẹ̀ fún bàbá náà. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ ìyá mi, pé kò sí dókítà nítòsí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò lé ọmọ kúrò nílé bàbá ẹ̀?"

Mo yíjú sí ìyá mi. "Bí ẹ bá ṣubú ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé mi dìde." Wọ́n ti ń tú báàgì náà. Oògùn wọn ló wà níbẹ̀, àti ìró mẹ́ta. "Ọmọ mi, o tọ́jú mi, Ọlọ́run á san án fún ẹ. Ṣùgbọ́n nílé rẹ, ẹ̀rù ni mo ń bá gbé."

Mo sunkún díẹ̀, mo mu omi, mo lọ gbé kẹ̀kẹ́ mi.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà fúyẹ́ jù, gbogbo òkúta ló ń ta á nù. Ẹ̀rù bà mí ju ti àárọ̀ lọ. Ní etí odò, mo dúró, mo sì gbójú sókè. Ìyá mi dá dúró létí òkè lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó dì wọ́n mú.

"Ṣé o ti dé ìsàlẹ̀?" Ohùn wọn ń gbọ̀n. Ní ọdún méjìléláàádọ́ta tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Mo ké pé mo ti dé. Mo ní kí wọ́n wọlé, pé oòrùn ti mú jù.

Wọn ò wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń wò mí, títí mo fi la odò náà kọjá.