Ilẹ̀kùn Tó Kọjú sí Ojú Ọ̀run

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Màmúdù ti ń fi férémù sí ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ló mọwọ́ rẹ̀ jù. Bí ògiri bá wọ́, yóò gbẹ́ férémù kí ó wọ́ bá a, ilẹ̀kùn yóò sì pa dé wẹ́kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Wẹ́kú ní Bẹyẹrunka.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, ọkùnrin kan láti Òkè Padre wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Daniel Ọláyíwọlá lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ilẹ̀kùn méjì lòun fẹ́. Màmúdù bi í pé ilé wo ni. Tíṣà ní kì í ṣe ilé, ọkọ̀ ojú omi tí òun ń fọwọ́ ara òun kàn ni, àti pé ńṣe ni àwọn ilẹ̀kùn náà yóò dùbúlẹ̀, tí wọn yóò kọjú sí ojú ọ̀run. Màmúdù wò ó títí, bóyá ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì mú téèpù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Lóòótọ́, ọkọ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ó gùn tó takisí Míkírà méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ọdún méjì ni Tíṣà ti fi ń ra pákó ní Bódìjà tí ó ń kàn án. Ó ti fi pákó bo orí rẹ̀, ó sì ti gé ihò méjì sí i, ọ̀kan fún ẹrù, ọ̀kan fún ibi tí èèyàn lè sùn sí. Orí ọkọ̀ náà yọ gọ̀ǹgọ̀ bí ẹ̀yìn ahun, kò sí ibì kankan tó tẹ́jú níbẹ̀. Inú Màmúdù dùn. Ohun tó wọ́ kò bà á lẹ́rù. Ó gé páálí, ó fi wọn bí orí ọkọ̀ ṣe tẹ̀, ó sì gbẹ́ férémù àti ìdérí tó bá ihò kọ̀ọ̀kan mu tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè fọwọ́ rà á kọjá kí ó má mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Tíṣà pàtẹ́wọ́ fún un.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí, omi inú ọkọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.

Màmúdù délé, kò lè jẹun. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fa omi lọ́wọ́ nídìí kànga agboolé nígbà tó rò ó fún un. Àtọ́kẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé okùn sílẹ̀.

"Bàbá Mutmainnah, ta ló ń gbẹ́ kànga kí ẹnu ẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba?"

Màmúdù wo kànga náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ ga dé orúnkún. Ìdérí rẹ̀ tóbi ju ẹnu lọ, etí rẹ̀ wálẹ̀ síta, tí àgbàrá bá dé, yóò gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

"Àtọ́kẹ́," ó ní, "o ti parí iṣẹ́ mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó fi pákó ìrókò mẹ́rin mẹ́rin ṣe ògiri kékeré yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, ó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ wọn tẹ̀ bí orí ọkọ̀ ṣe tẹ̀. Ó jẹ́ kí igun wọn jẹ wọnú ara wọn, ó fi góòmù sí i. Ó wá kan ìdérí tuntun tí etí rẹ̀ ṣubú síta bí fìlà, ó sì fi rọ́bà inú táyà tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n fẹ́ dán an wò. Màmúdù ní òun fúnra òun ni yóò wọlé. Wọ́n ní tí ẹ̀kán omi kan bá kán sí i lára, kí ó fọwọ́ gbá pákó. Wọ́n pa ìdérí dé mọ́ ọn. Morẹ́nikẹ́, ìyàwó Tíṣà, àti Àtọ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, báàkéètì tẹ̀lé báàkéètì, àwọn ará àdúgbò sì ń bá wọn gbé e wá.

Nínú òkùnkùn, òórùn igi tuntun ni Màmúdù ń gbọ́. Omi ń dún lórí rẹ̀ bí òjò orí páànù. Ó fọwọ́ tọ igun kìíní, ó gbẹ. Ìkejì, ó gbẹ. Ó yí i ká tán, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó wá jókòó, ó fẹ̀yìn ti pákó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní òun nìkan.

Nígbà tó pẹ́ tí wọn kò gbúròó rẹ̀, àyà Tíṣà já. Ó sáré ṣí ìdérí, ó ń béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Màmúdù gbójú sókè. "Ẹ pa á dé, Tíṣà. Ẹ tún dà á sí i. Ó ń dùn létí mi."

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, kò sí ẹni tí kò fẹ́ wọlé lọ gbọ́ ọ. Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọkọ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́rí gbé ọkọ̀ náà lọ sí adágún odò Ẹlẹ́yẹlé. Ó wọ omi, ó léfòó. Màmúdù àti Àtọ́kẹ́ jókòó lórí ìdérí tí wọ́n jọ fi ọgbọ́n orí wọn ṣe, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín tí Morẹ́nikẹ́ gbé wá, Tíṣà sì ń tukọ̀. Apẹja kan wa ọkọ̀ tirẹ̀ sún mọ́ wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dìde díẹ̀, òun fẹ́ ṣí i kí òun wò ó. Wọ́n dìde. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi Màmúdù ní ìbéèrè kan lé òmíràn títí oòrùn fi rọ̀ lórí omi.