Èmi Ni Mo Bọ́ Ewé Lára Ọṣẹ Àṣàkẹ́

Àṣàkẹ́ o! Ó dìgbà, ó di ohùn tí n kò ní gbọ́ mọ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ sí ọ létí ṣì wà lọ́fun mi. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé e mì. Òní tí etí rẹ ti dí ni mo wá fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì àti aládùúgbò wa ní Ìgàndò, Ìyá Bùnmi Ọlọ́ṣẹ lẹ mọ ìyàwó mi sí. Èmi mọ̀ ọ́n sí Àṣàkẹ́, ọlọ́wọ́ ire, obìnrin tí kì í sọ ohun tí ilẹ̀ kò lè jẹ sílẹ̀.

Àṣàkẹ́, láti Èkìtì ni iṣẹ́ olùkọ́ ti gbé àwa méjèèjì wá sí Èkó. Nígbà tí a fẹ̀yìn tì, èmi jókòó ti ìwé ìròyìn, ìwọ bẹ̀rẹ̀ sí í se ọṣẹ ìwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, o sì ń po òrí ìpara tó ń dì gbagidi. O kò fi ọ̀kankan nínú wọn sínú ike tàbí ọ̀rá rí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ sórí igi lo máa ń gé. Wàá fi aṣọ tútù nù ún, wàá gbé áyọ́ọ̀nù lé e bí ẹni ń lọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, wàá fi pọ́n ọṣẹ, wàá sì fa fọ́nrán lára ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti fi dì í.

Ojú máa ń tì mí. Èmi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, n kò fẹ́ kí ìyàwó mi dà bí ẹlẹ́kọ. Mo máa ń fi ọ́ ṣẹ̀sín níwájú àlejò: "Ìyá ẹlẹ́kọ, mélòó lẹ pọ́n lónìí?" O kì í bínú. Lọ́jọ́ kan lo dá mi lóhùn pé: "Bàbá Bùnmi, ẹ̀kọ tẹ́ ẹ jẹ láàárọ̀, ewé ẹ̀ dà? Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ra búrẹ́dì lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ó wà nínú gọ́tà, ó ń retí òjò." Òjò náà rọ̀. Gọ́tà dí, omi wọ pálọ̀ wa. O gbọ́n omi jáde, o kò sì sọ pé, "Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀?"

Síbẹ̀ n kò kọ́gbọ́n. Ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Ẹgbẹ́dá ní kí o se ọṣẹ tí wọn yóò pín níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn. O sè é, o pọ́n ọn, o tò ó sórí pẹpẹ lẹ́yìnkùlé kó lè gbẹ. Kò tíì gbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè ọ́ sí Èkìtì nítorí àìsàn ẹ̀gbọ́n rẹ. O dúró lẹ́nu géètì, o ní: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ jọ̀ọ́. Ewé yẹn ló ń jẹ́ kó mí. Màá dé kí ìkórè tó pé."

Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní mò ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Irọ́ ni, ìtìjú ara mi ni mò ń bò. Mo ra ọ̀rá tó ń dán ní Ìkòtún, mo bọ́ ewé kúrò lára ọṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Mo sun ewé rẹ. Mo sì gbé ọṣẹ lọ fún àwọn obìnrin náà. Nígbà tí o dé, o bá pẹpẹ lófìfo. Mo ní mo ti bá ọ gbé e lọ. N kò dárúkọ ọ̀rá.

Ọṣẹ tútù náà kò rí ibi mí. Ó làágùn, ó rọ̀ bí ògì, ó bu funfun. Àwọn àlejò ti mú un délé kí wọ́n tó tú u. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ìkórè, obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ náà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ọ̀kan na ọ̀rá sókè: "Ìyá Bùnmi, ọṣẹ yín ń làágùn jù wá lọ o! Ta ló máa wẹ̀ fún ta, àwa àbí òun?"

O wo ọ̀rá. O yíjú wò mí lórí àga tí mo jókòó sí. O dúró, ò ń retí mi. Mo ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé kejì. O wá kúnlẹ̀ fún àwọn obìnrin tí o lè bí lọ́mọ, o ní: "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ló yá jù."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Ìyá Ọṣẹ-ń-làágùn. Oníbàárà fọ́nká. O kò tú mi fó fún ẹnikẹ́ni, títí kan Bùnmi ọmọ wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré lo bá mi sọ ọ́: "Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ òótọ́, ẹ sọ ọ́ níwájú mi. Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ọ." Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún. Nígbà tí àìsàn dá ọ dùbúlẹ̀, mo ní kí ara rẹ kọ́kọ́ yá ná. Ara rẹ kò yá.

Àṣàkẹ́, pósí rẹ ló wà níwájú mi yìí. Ṣé níwájú rẹ náà nìyí? Ta ni mo fẹ́ bi?

Ẹ̀yin obìnrin Ẹgbẹ́dá, ẹ̀yin ará ọjà Ìgàndò, ẹ gbọ́: ọwọ́ rẹ̀ kò yá jù. Èmi ni mo bọ́ ewé. Èmi ni mo fi ọ̀rá pa ọṣẹ náà lẹ́nu. Èmi ni mo dákẹ́. Ẹ dá orúkọ rere rẹ̀ padà fún un, kí ẹ sì máa fi èyí tẹ́ ẹ sọ ọ́ pè mí.

Ọṣẹ tó sè gbẹ̀yìn ni wọ́n fún yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo jẹ́ kó gbẹ. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù lọ ewé rẹ̀. Mo jó àwọn kan, ìdì òmíràn sì ti tú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀rá gbé e lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó mí.

Ìwọ tí o kúnlẹ̀ dípò mi, bí a bá ń gbọ́ràn níbi tí ò ń lọ, gbọ́ tèmi. Bí a kì í bá gbọ́, má jí nítorí mi. Èmi ni oorun kò tọ́ sí. Àṣàkẹ́ mi, sùn re o.