Òfuurufú Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Lọ

Tí òjò bá ti dá ní Ìbà Housing Estate, òórùn ẹrẹ̀ ojú títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló máa ń gba pálọ̀ àwọn òbí mi kan. Inú òórùn yẹn la ti ń jẹun lọ́jọ́ tí rédíò sọ pé ìjọba fẹ́ rán ọmọ orílẹ̀-èdè yìí kan lọ sí òfuurufú, pé kí ẹni tó bá wù forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé ẹ̀rọ jáde ní yunifásítì, rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti forúkọ sílẹ̀."

Màmá wa fi ọwọ́ yí orí ká, wọ́n tàka dànù. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìjọba tí ò rí ọ̀nà ilé wa tún ṣe, tí ẹni tó ń rọbí ń la ẹrẹ̀ kọjá lọ ọsibítù, òun ló fẹ́ gbé ọmọ mi lọ sókè? Tí ọkọ̀ ọ̀hún bá dákú lọ́nà, mẹkáníìkì wo la máa pè?"

Bàbá wa, tíṣà fíṣíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ọ̀nà ṣe pàtàkì, mi ò jiyàn. Àmọ́ tí ìjọba ò bá náwó lórí ohun tí àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe, ìlú tó bá ń náwó lé e lórí ni wọ́n máa lọ bá."

Ká sọ tòótọ́, àwọn méjèèjì ló jàre, ohun tó sì máa ń rẹ̀ mí nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ ìlú yìí. Bàtà tí mo fi la ẹrẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì tutù lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, mi ò rí i kí ojú ẹ̀gbọ́n mi tàn bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àdúrà àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ké pe Ọlọ́run kó ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Màmá kì í ṣe ìkà o. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọmọ wọn wà nítòsí ni. Nígbà tó yá, ìjọba kéde pé kò sówó mọ́, wọ́n wọ́gi lé ètò náà. Màmá ní àdúrà gbà, àfi ká ṣe ìdúpẹ́. Gbogbo ilé la jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi wọ funfun, ó di màmá lọ́wọ́ mú, ó ń jó. Nígbà tí pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣe "Àmín" ketekete, nítorí ọmọ tó gbọ́ràn ni. Èmi tí mo kúnlẹ̀ ti í nìkan ni mo rí i pé omi ti lé róró sí i lójú.

Kò pẹ́ ni iṣẹ́ ìlú òyìnbó yọjú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń lọ òfuurufú. Àwọn ìyá kan náà ló bá màmá gbààwẹ̀ kí físà lè jáde. A tún jó.

Ó ti pẹ́ tó ti lọ o. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì yanjú, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé láti ìgbà náà. Bàbá kì í sọ pé, "Ṣé mo wí?" Owó tí ìjọba ò fi rán ẹnikẹ́ni lọ sókè, àwa ò rí i lójú títì wa.

Nígbà tí mo lọ kí àwọn òbí mi láìpẹ́ yìí, màmá ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ń wo ara wọn. Nẹ́tíwọ̀kì já, ojú ẹ̀gbọ́n mi sì dúró gbagidi bí fọ́tò. Màmá fi etí ìró nu ojú fóònù náà. Wọ́n bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹni tí ìjọba fẹ́ rán lọ òfuurufú nígbà yẹn, ọjọ́ mélòó ni ì bá lò?"

Mo ní, "Kò lè pẹ́, Mọ́mì. Wọ́n á gbé e padà wálé ni."

Wọ́n ṣì ń nu fóònù náà.

Táwọn èèyàn bá ń jiyàn báyìí lórí bóyá ó yẹ kí ìjọba náwó sí irú ètò yẹn, mo máa ń dákẹ́ ni, ó ti rẹ̀ mí. Ibi tí a gbààwẹ̀ kó má lọ, wọn ì bá dá a padà fún wa. Ibi tí a jó sìn ín lọ ni a ò tíì rí i kó ti bọ̀.