Ibi Tí Ìyá Àgbà Ti Ń Gbé Ọ̀pá

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, kò kàwé, àmọ́ òun ló ní dandan kí wọ́n fi mí sí súkúù. Bàbá mi ní ọmọbìnrin tó bá ti mọ ẹja yan ti mọ ìwé tirẹ̀. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé ẹja yíyan kò lọ síbì kankan, ọjọ́ orí ọmọ ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1950, bí ìyá yìí bá ti sọ̀rọ̀, àmín ló kù.

Ọkọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà Ejìnrìn, òun ló máa ń gbé àwọn obìnrin ẹlẹ́ja mẹ́rin àti apẹ̀rẹ̀ ẹja wọn láti èbúté ẹ̀bá Ọjà Olúwo, tí á sì tún gbé wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pá gígùn ló fi ń ti ọkọ̀ náà, nítorí ọ̀sà kò jìn lápá etí ilẹ̀. Kí bàbá mi tó mọ̀ pé òun máa fẹ́ ìyàwó ni ó ti ń ṣe é.

Ọkọ̀ ojú omi kò ní bíréèkì. Nítorí náà, ilé ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ti ń gbé ọ̀pá. Tiwa ni igi àgbọn kan tó tẹ̀ sórí omi. Bí ọkọ̀ bá ti dé ọ̀gangan rẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá kúrò nínú omi, ẹ má tì í mọ́. Omi fúnra rẹ̀ á máa dín ìrìn ọkọ̀ kù títí imú rẹ̀ á fi kan òpó èbúté pẹ́lẹ́. Àmì yìí, àjogúnbá ni, ẹnikẹ́ni kì í yí i padà. Ẹni tó bá dé èbúté tó ń fi ọ̀pá wa ilẹ̀ kí ọkọ̀ lè dúró, wọ́n á ní ará òkè ni, wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọjà mìíràn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ra gàrí ní Ejìnrìn. Àpò mẹ́fà, nígbà mìíràn mẹ́jọ, ni ọkọ̀ wá ń gbé bọ̀, ọkọ̀ tó jẹ́ pé àwọn obìnrin àti apẹ̀rẹ̀ òfìfo nìkan ló máa ń gbé bọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá àgbà fi forí ọkọ̀ sọ òpó èbúté. Àwọn ènìyàn ní àgbà ń dé. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó kọlu ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n so síbẹ̀, obìnrin kan tó pọn ọmọ sì ṣubú sínú omi. Omi náà kò ju orúnkún lọ, ọmọ kò fara pa, àmọ́ igbe ìyá náà gba gbogbo èbúté.

Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ní ojú wọn ti ń ṣú, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọ̀pá sílẹ̀ kí wọ́n má baà pa ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n jókòó sílé kí àwọn máa tọ́jú wọn. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ẹ̀yìn ilé, ó sì jókòó. Ìjókòó yẹn dùn mí ju igbe lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, obìnrin tó máa ń pàṣẹ fún gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá mi léèrè bóyá òun lè bu omi mu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wa gbé àpótí ọṣẹ kan wá sí kíláàsì. Ará Ìkòròdú ni. Etí ọ̀sà kan náà ni a jọ ti wá, síbẹ̀ ẹ̀rù omi máa ń bà á débi pé mọ́tò ló fi ń yípo gba Ìjẹ̀bú-Òde kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti kan táyà pákó mẹ́rin mọ́ àpótí náà. Ó tì í lófìfo, ó ní kí n fi ọwọ́ kan dá a dúró. Mo dá a dúró wẹ́rẹ́. Ó kó òkúta kún un, ó tì í kó máa sáré bákan náà, ó ní kí n tún dá a dúró. Àpótí náà gbá ọwọ́ mi dànù, ó ń lọ títí ó fi forí sọ ògiri. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní ohun tó bá dúró kì í fẹ́ kúrò lójú kan, ohun tó bá sì ń lọ kì í fẹ́ dúró, àfi bí agbára kan bá dá sí i. Ó ní bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni oríkunkun rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ọwọ́ ń ta mí, àmọ́ àpò gàrí ni mò ń rí.

Mo sáré délé, mo sọ fún bàbá mi pé kì í ṣe ojú Ìyá àgbà, ẹrù ni. Mo ní omi tó ń dá ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ dúró láti ibi igi àgbọn kò lè dá ọkọ̀ tó kún fún gàrí dúró níbẹ̀. Bàbá mi ní ìwé kò lè kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wà á ní ọjà tó ń bọ̀, kí n wá jókòó kí n wò ó.

Mo jókòó, mo wò ó. Ìyá àgbà náà wà nínú ọkọ̀, ó káwọ́ lé orúnkún. Bàbá mi, tòun ti ojú rẹ̀ tó mọ́ gaara, gbé ọ̀pá ní ọ̀gangan igi àgbọn, ó tiẹ̀ bojú wò mí. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń lọ, ó sì kọlu òpó èbúté débi pé àpò gàrí tó wà níwájú já sínú omi. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí. Mi ò lè purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ẹ̀rín pa bàbá mi náà nígbà tó yá. Ó ní nǹkan kan kò ṣe ìyá òun, kí wọ́n padà sídìí ọ̀pá wọn. Láti ìsinsìnyí, kí wọ́n máa gbé e ní ibi òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, tó jìnnà sí èbúté ju igi àgbọn lọ. Gbogbo wa ń yọ̀. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá bá mi nídìí ẹja tí mò ń yan.

“Ọmọ mi, mi ò rí òpó yẹn. Igi àgbọn gan-an, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti rí i kẹ́yìn.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe wá ń mọ̀ pé òun ti débẹ̀.

“Ìsàlẹ̀ omi ló ń sọ fún mi. Ẹrẹ̀ ni láti ọ̀nà jíjìn wá, àmọ́ yanrìn ló wà ní ọ̀gangan igi àgbọn. Bí ọ̀pá bá ti dún gbá, mo ti gbé e. Níbi òpó tí bàbá ẹ ń wí, ẹrẹ̀ ni níwájú, ẹrẹ̀ ni lẹ́yìn. Ọ̀pá ò ní sọ nǹkan kan fún mi níbẹ̀. Bí o bá sọ fún un, mi ò ní bínú.”

Ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu kiri pé ojú rẹ̀ kò ní àbùkù! Mo rò ó títí ẹja fi jóná lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà ṣì ń rí ohun tó bá sún mọ́ ọn, àwọn ọlọ́kọ̀ sì máa ń kí ara wọn lóhùn rara kí wọ́n tó pàdé. Bí ọkọ̀ bá padà fúyẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, yanrìn náà tó láti ṣe àmì fún un. Mo lọ bá bàbá mi, mo ní kó yọ gàrí kúrò nínú ọkọ̀ Ìyá àgbà.

Ó wò mí lójú. “Ṣé ẹrù náà nìkan ni?”

“Ẹrù ni, sà.”

Mi ò purọ́, mi ò sì sọ òtítọ́ tán. Bàbá mi fi gàrí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo jókòó síwájú ọkọ̀. Bàbá mi ti ń dúró dè wá ní èbúté. Mo gbọ́ tí ọ̀pá dún gbá. Ìyá àgbà ní bìsìmílà, ó gbé e, ó wá gbójú sókè sí apá ibi tí igi àgbọn wà bí ẹni tó ń wò ó, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ òun ń wo òun. Ọkọ̀ ń rọra lọ.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo ní gbangba. Lọ́jọ́ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké láti òkèèrè:

“Ìyá, ẹ káàbọ̀ o. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni mo wà.”

Ìyá àgbà yí ojú sí ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ọjọ́ ọjà tó fi wa ọkọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, bàbá mi a máa dúró síbẹ̀, a sì máa pè é.