Iná Ọkọ̀ Tó Gbójú Sókè

Kùrukùru òwúrọ̀ ìlú Ẹ̀fọ̀n ní òórùn tirẹ̀. Ewé tútù, èéfín igi ìdáná, àti ẹ̀gẹ́ tí ẹnì kan rẹ fún fùfú lẹ́yìnkùlé, gbogbo rẹ̀ a máa wọlé bá mi nínú ọkọ̀ bí mo ti ń gun òkè láti Aràmọkọ lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ mi. Lásìkò òjò, ilẹ̀ á ti mọ́ tán, o kò sì ní rí igi tó wà níwájú rẹ. Iná ọkọ̀ nìkan lèèyàn ń gbójú lé. Bí mo bá sì rántí iná ọkọ̀ mi lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi, inú ṣì máa ń bí mi.

Ọkọ̀ ọkọ mi olóògbé ni, ó ti dàgbà ju àbígbẹ̀yìn wa lọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń bọ̀ lápá kejì ti ń fi iná ṣẹ́jú sí mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé iná ọwọ́ òsì ti gbójú sókè. Dípò kó tàn sí títì, ojú àwọn tó ń bọ̀ ló ń tàn sí. Mo gbé e lọ bá rewáyà kan tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí gáréèjì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó yí i lọ́hùn-ún, ó pa á dé. "Mọ́mì, ó ti jókòó. Ẹ máa lọ." Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, iná ti gbójú sókè padà. Mo padà lọ, ó tún yí i. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe ojú yín lẹ máa lọ yẹ̀ wò báyìí?" Àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé ìtìjú mi wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, èébú ni mo fi ń dá ẹni tó bá ṣẹ́jú iná sí mi lóhùn. Aláìmọ̀kan ni wọ́n. Ṣebí rewáyà ti ṣe é.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ní kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè, mo rí òjìji ènìyàn nínú kùrukùru. Bàbá arúgbó kan tó sùn sóko ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi dúró ni, mo sì tẹ fèrè, fèrè gígùn, ti ìbínú. Ó fi ọwọ́ náà bo ojú, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbọ́ gbì! Àti kẹ̀kẹ́, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti bàbá, gbogbo wọn ti wọ gọ́tà.

Nígbà tí mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká òsì mú. "Ulé mi ni mò ń lọ," ló ń wí. "Ulé mi jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ!" Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Eegun èjìká ti kán. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé àdá títí òjò ọdún náà yóò fi dá, bẹ́ẹ̀ oko lẹ́nu rẹ̀ ti ń jẹun.

Lọ́sàn-án, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Ìdè oníke tó yẹ kó di iná mú lẹ́yìn ti kán, wọ́n sì gé sílípáàsì há ibẹ̀. Sílípáàsì, ọ̀rẹ́ mi! Bí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n díẹ̀ lórí títì, á yọ̀. Mo yọ ọ́, mo lọ nà án sí rewáyà lójú.

"Kí lèyí?"

"Mọ́mì, ohun tó dì í mú ló kán. A kì í tètè rí irú rẹ̀ mọ́. Mo kàn ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

"O mọ̀ pé ó kán, o sì ní kí n lọ yẹ ojú mi wò?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Mo pariwo débi pé àwọn aláte tó wà lódìkejì títì dìde dúró. Ká ní ó sọ pé apá òun kò ká a, ǹ bá gbé ọkọ̀ náà sílé. Rewáyà mìíràn ní Ìjerò ló wá fi iná tòkunbọ̀ odidi rọ́pò rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó fi èédú fa ìlà síbẹ̀, ó sì ń yí ìdè náà díẹ̀díẹ̀ títí iná fi bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà. Kò pẹ́ rárá tó fi parí. Ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú mi.

Mo ra búrẹ́dì àti mílíìkì, mo lọ kí bàbá. Mo jókòó tì í, mo ń ṣépè fún rewáyà àkọ́kọ́. Bàbá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tẹ́rùn.

"Ọmọ mi, rewáyà kọ́ ló tẹ fèrè mọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ sókè kí o lè mọ̀ pé n kò ríran. O sì rí mi."

Mo gbé búrẹ́dì náà sí iwájú rẹ̀.

Èjìká náà jiná, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò gbé sókè dáadáa mọ́. N kò ní purọ́ fún ọ pé mo ti dárí ji rewáyà yẹn. Àmọ́ ara mi gan-an ni mo ń bínú sí jù. Ènìyàn mélòó ló ti sọ òótọ́ fún mi lójú títì, tí mo bú wọn, nítorí pé ẹnì kan ti ní kò sí nǹkan, ohun tí mo sì fẹ́ gbọ́ nìyẹn? Ẹni tó jókòó sẹ́yìn iná kò lè mọ bó ṣe ń gún ojú ẹlòmíràn. Àfi kó gba ẹni tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́.